Irọ́ Tí Mo Fi Sí Ìjọba Lẹ́nu

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi sọ ẹrù yìí kalẹ̀. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń dá a gbé. Mi ò jalè, mi ò sì gba ìyàwó oníyàwó. Irọ́ ni mo pa. Mo pa á lójú mọmọ, níwájú gbogbo àdúgbò, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ lónìí ni ọ̀rọ̀ kan tí obìnrin kan fi ránṣẹ́ sí mi láti Lapaz, àdúgbò kan ní Accra, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ọmọ Lagos Town ni mí, níbí ní Accra. Bàbá tó bí bàbá mi ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Akọ̀wé ni mí ní ilé iṣẹ́ tó ń kó ẹrù inú ọkọ̀ ojú omi, kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo gbọ́ Yorùbá, mo gbọ́ Twi, mo gbọ́ Gã àti Háúsá, Gẹ̀ẹ́sì tèmi náà kì í ṣe ti ẹ̀bá ọ̀nà. Nítorí náà, bí ìjọba bá ní ohun tó fẹ́ bá àwọn oníṣòwò wa sọ, èmi ni wọ́n máa ń pè kí n wá túmọ̀ rẹ̀. Mi ò ní tàn yín, mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ìyàwó mi a máa sọ pé bí mo bá ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ aláṣẹ báyìí, kò sẹ́ni tó lè bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé títí di ọjọ́ kejì.

Àwọn ìyá oníṣòwò wa ní àṣà kan. Ní ìpàdé ìjọba, wọn kì í dá aláṣẹ lóhùn ní tààrà. Ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàrin. Èmi rò pé àìgbọ́ èdè ló fà á. Mo mọ̀ pé wọ́n gbọ́ Twi ọjà, irú "te so" tí oníbàárà fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín owó kù. Àmọ́ mo rò pé bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti òfin àti owó orí, kò yé wọn mọ́. Èrò mi nìyẹn, ẹ má rẹ́rìn-ín sí mi.

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, ọmọ mi Rùkáyá ti jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó sì ti jókòó sílé fún ọdún méjì. Ó kọ lẹ́tà iṣẹ́ títí ó fi sú u. Òun àti ìyá rẹ̀ wá ń jà lórí abọ́ tí ẹnìkan kò fọ̀, lórí tẹlifíṣọ̀n, lórí ibi tí ìgbálẹ̀ wà. Mo lọ bá Alhaja Sàlámọ̀, olórí àwọn oníṣòwò wa, tó ń ta abọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gba ọmọ náà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní rárá, pé òun nìkan tó òun, pé ẹni tó gba èèyàn síṣẹ́ ti gba ìjọ̀ngbọ̀n. Mo dúpẹ́, mo padà sílé pẹ̀lú ìbínú.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìpàdé owó orí dé. Ìjọba rán ọ̀dọ́bìnrin kan sí wa, Madam Akosua ni wọ́n ń pè é, ọmọlúàbí èèyàn. Abẹ́ tẹ́ǹtì la jókòó sí, òun ń sọ Twi tí Gẹ̀ẹ́sì kún inú rẹ̀, èmi ń túmọ̀. Ó ní kí gbogbo oníṣọ́ọ̀bù wá forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa gba ìwé owó orí kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Gbogbo ìyẹn ni mo túmọ̀ bó ṣe jẹ́, mi ò yọ ẹyọ kan.

Ìyá kan wá béèrè pé èrè wo ló wà níbẹ̀ fún àwa. Madam Akosua ṣàlàyé pé owó orí ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà àti iná. Ó ní bí ọ̀nà bá dára, ọjà á tà. Bí ọjà bá tà, iṣẹ́ oníṣòwò á gbòòrò, àwọn ọ̀dọ́ á sì ríṣẹ́ ṣe.

Ibi tó ti dárúkọ àwọn ọ̀dọ́ yẹn ni ojú mi lọ bá Rùkáyá, tó ń pín omi fún àwọn tó jókòó. Ẹnu mi ṣáà yà bàrá. Mo ní, "Ìjọba sọ pé ẹni tó bá gba ọ̀dọ́ síṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn máa dé kẹ́yìn bí àwọn bá ń yẹ ìwé wò. Ẹni tó bá dá nìkan jókòó, ọ̀dọ̀ tirẹ̀ làwọn á kọ́kọ́ dé."

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Alhaja nìkan ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà mú. Mi ò mọ̀ pé yóò kọjá ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn ìyá wo ara wọn lójú. Lẹ́yìn náà ni Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù sì gbè é. Madam Akosua náà pàtẹ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn pé ọ̀rọ̀ òun wọ̀ wọ́n lára.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Alhaja ránṣẹ́ pe Rùkáyá. Ọmọ náà kò rí ohun gidi kan ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kàn ń nu eruku. Ìgbà tó sú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán abọ́, ó ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn èèyàn. Ni àwọn tó ń se oúnjẹ fún ayẹyẹ bá ń pè láti ìgboro gbogbo. Alhaja gba ẹnìkejì, ó gba ẹnìkẹta. Ìyá tó ń din kose, àkàrà àwọn Háúsá, gba ọmọbìnrin kan tó ń gbé e lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì wọn. Télọ̀ tó wà lójú ọ̀nà gba méjì. Kódà áfáà wa tí kò ní ṣọ́ọ̀bù rárá gba ẹnìkan. Ó ní òun ò mọ ibi tí ìjọba lè yà sí.

Kí ọdún tó yípo, àdúgbò wa ti yàtọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta ayò lẹ́bàá gọ́tà látàárọ̀ kò ráyè mọ́, àwa àgbà la wá ń ta á. Madam Akosua dé, ó yà á lẹ́nu pé àwọn èèyàn ń fi ẹ̀rín gba ìwé owó orí. Ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní Lagos Town. Mo ní ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa ni. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, mo sì jẹ́ kó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Rùkáyá ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù kejì báyìí. Ó ra fíríìjì fún ìyá rẹ̀. Wọ́n ṣì ń jà, àmọ́ ìjà ohun tí wọ́n máa kó sínú fíríìjì ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi dùn. Bí mo bá sọ fún yín pé inú mi kò dùn, irọ́ kejì nìyẹn.

Àmọ́ Ìyá Káfáyà wà lábẹ́ tẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà.

Opó ni. Ṣakí ló ti wá, kó lè wà nítòsí ọmọ rẹ̀ tó lọ́kọ sí Accra. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó dé nígbà náà. Bọ́tìnì, òwú àti síìpù ló ń tà nínú kíósì kékeré kan lẹ́bàá gọ́tà. Ìka ló fi ń tajà. Oníbàárà á tọ́ka sí bọ́tìnì, òun náà á na iye ìka sókè. Ọjà rẹ̀ kò tó ohun tí èèyàn méjì ń tà. Ta ló fẹ́ gbà síṣẹ́, kí ló sì fẹ́ fún un?

Nígbà tí àwọn tó ń yẹ ìwé wò dé, ẹ̀bá gọ́tà ni wọ́n gbé ọkọ̀ wọn sí, torí ibẹ̀ nìkan ló láyè. Kíósì Ìyá Káfáyà ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Wọ́n kí i, wọ́n wo ìwé rẹ̀, wọ́n kọjá. Kò gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú méjì. Àmọ́ bí wọ́n ṣe kúrò báyìí, ó ti kíósì rẹ̀ pa.

Mo lè lọ bá a nígbà náà kí n sọ òtítọ́ fún un. Mi ò lọ. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n á dá Rùkáyá dúró. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Ìyá Káfáyà ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Lapaz. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ló lọ ń pàtẹ sí, nínú eruku àti ariwo trotro, àwọn ọkọ̀ akérò. Wọ́n ní ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò kó tó lọ, pé kí wọ́n má bínú, òun ò rí ẹni gbà síṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ rẹ̀ wá kí mi nílé. Ó ní ìyá òun kí mi púpọ̀. Ó ní Ọlọ́run ti ṣe é, ọjà ti ń tà, ìyá òun sì ti gba ọmọbìnrin kan láti Nima síṣẹ́, Memuna lorúkọ rẹ̀, ó gbọ́ Twi dáadáa. Nítorí náà ìyá òun fẹ́ kó padà sí Lagos Town lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá ìyá òun sọ fún ìjọba pé òun náà ti gba èèyàn.

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún. Ìyàwó mi bi mí bóyá ara mi dá.

Mo gba ọ̀dọ̀ Alhaja lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ láàrin àwọn abọ́ ike, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó jẹ́ kí n rojọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú.

Ó ní, "Bàbá Rùkáyá, ogójì ọdún ni mo ti ń fi Twi jẹun. Kí ni ọmọbìnrin ìjọba yẹn sọ tí o rò pé mi ò gbọ́?"

Mo ní, kí ló dé tí wọ́n wá ń lo ògbufọ̀. Ó ní ìjọba kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ìkánjú dá lóhùn, pé bí mo bá ń túmọ̀ lọ́wọ́, àwọn máa ń ráyè ronú.

Mo tún béèrè ìdí tó fi dákẹ́. "Agbára ti ń tán lára mi," ó dáhùn. "Mo nílò èèyàn, àmọ́ mo ti sọ fún ọ pé mi ò fẹ́. Báwo ni mo ṣe máa kó ọ̀rọ̀ mi jẹ? O wá fún mi ní ìjọba tí mo lè fi ṣe àwáwí. Bó ṣe rí fún àwọn tó kù náà nìyẹn, oníkálukú pẹ̀lú ìdí tirẹ̀."

Ara mi fúyẹ́. Mo ti ń dìde kí n máa lọ, ó di apá mi mú. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní, "Ẹnìkan ṣoṣo ni kò gbọ́ Twi lábẹ́ tẹ́ǹtì yẹn. Òun nìkan lo tàn jẹ. Àwa tá a sì mọ̀, a jókòó, a ń wò ó."

Nígbà tí mo délé, mo bi Rùkáyá bóyá ó mọ̀ pé irọ́ ni. Òun náà ní òun gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, pé òun rò pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀.

Ohun tó ń dà mí láàmú rèé. Bí mo bá sọ fún Ìyá Káfáyà kó tó di Sátidé, ó lè sọ pé kí wá lòun fẹ́ fi Memuna ṣe. Ọmọ náà á padà sí Nima, ọmọ tó ti lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti ríṣẹ́. Bí mo bá sì dákẹ́ títí ó fi tún kíósì rẹ̀ tò tán, ẹ̀ẹ̀kejì tí mo tan ẹni kan náà jẹ nìyẹn. Alhaja ní kí n lọ sọ ọ́, ó ní òun á bá mi lọ. Ìyàwó mi ní kí n jẹ́ kó kọ́kọ́ dé. Kí lẹ̀yin rò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fún mi lésì, ọjọ́ ti ń lọ.

Bí ẹnìkan bá sì ka èyí sí yín létí kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín, Ìyá Káfáyà, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ darí jì mí. Ẹ kò ṣẹ ìjọba, ìjọba kò sì fìgbà kan lé yín. Èmi ni mo lé yín lọ.