Omi Tí Ìyá Sùlè Gbé Kaná Fún Mi

Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, tí mo bá gbọ́ ìró omi nínú báàfù, àyà mi ṣì máa ń já. Ẹ má wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ dà rú o, torí bí mo ṣe rò pé wọ́n ń wò mí nígbà yẹn nìyẹn.

Dublin, ní Ireland, ni mo bí àkọ́bí mi sí, lásìkò tí iṣẹ́ pọ̀ nílùú yìí, tí wọ́n ń kọ́ ilé káàkiri Huntstown tí à ń gbé. Bíríkìlà lọkọ mi, ìdájí ló ń jáde, tó bá sì wọlé, oorun ló kù. Wọn ò fún màmá mi ní físà láti wá bá mi wẹ ọmọ. Nílé wa, ta ló ń dá wẹ àkọ́bí? Mi ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ọmọ jòjòló sórí ẹsẹ̀. Ni ẹ̀rù ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Tó bá ń sunkún, èmi náà á máa sunkún. Nígbà tó yá, mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́, kó má baà bọ́ sómi lọ́wọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wá nílé bi mí bí ara mi ṣe rí. Mo ní a dúpẹ́, ara le. Kí ni kí n sọ? Ẹni téèyàn ò mọ̀ rí, ṣé òun lèèyàn máa wá tú inú ẹ̀ sílẹ̀ fún? Ilẹ̀ ni mo sì ń wò, bí wọ́n ṣe kọ́ mi pé kí n má ranjú mọ́ àgbà. Ó rò pé mò ń fi nǹkan pa mọ́ ni. Nígbà tó ní òun á mú ẹlòmíì wá, ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n fẹ́ gba ọmọ mi.

Bridie ló mú wá, obìnrin kan tó máa ń ran àwọn ìyálọ́mọ lọ́wọ́, ọ̀kan lára àwọn Traveller, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ níbí tí àwọn ará ìlú wọn fúnra wọn ń fojú tín-ínrín wò. Kò béèrè bí ara mi ṣe rí. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó ní kí n fún òun ní tíì. Ó wá ní, "Ká ní ilé yín lo bímọ sí, ta ni ì bá wà níbí báyìí?"

Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún un nípa àgbà obìnrin tó máa ń wẹ ọmọ, tó máa ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyálọ́mọ, tó sì máa ń ki àwọn méjèèjì. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn náà, wọn kì í fi ìyálọ́mọ sílẹ̀ lóun nìkan. Ó ní dókítà á tọ́jú mi, àmọ́ òun á wá irú àgbà bẹ́ẹ̀ kàn. Ó wọ Parnell Street lọ, ó ń béèrè ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa, títí ó fi rí Ìyá Sùlè, ará Ìsẹ́yìn tó ń dirun níbẹ̀.

Ìyá Sùlè ò tíì bọ́ kóòtù tó fi gbé omi kaná. "Àwa wà ní Dublin, ìwọ ń dá jìyà? Kí loríkì ẹ?"

"Àjọkẹ́ ni, mà."

Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, ẹnikẹ́ni ò fi pè mí rí. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sí i. Ó wá di ọwọ́ mi mú, ó fi lé ọmọ náà lẹ́yìn. "Àjọkẹ́, rọra bù ú sí i." Mo bu omi sí i. Ọmọ ò bọ́.

Mo lo oògùn dókítà, mò ń bá Bridie sọ̀rọ̀, ara mi sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ti wọ iléèwé báyìí, ó ń gbọ́ Yorùbá, òyìnbó Dublin ló fi ń fèsì. Lánàá ó wọlé, ojú ẹ̀ pọ́n. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "I'm grand, Mammy," pé kò sí nǹkan kan tó ṣe òun.

"A dúpẹ́" tèmi náà nìyẹn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ yín, ẹ má sì fi dá ẹni tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ lóhùn. Mo bọ́ bàtà, mo jókòó tì í sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo fi oríkì ẹ̀ pè é, mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, mi ò kánjú."

Ló bá gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ṣe é.