Ìwọ̀ Tí Mo So fún Ọ̀rẹ́ Mi ní Erékùṣù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun ni màá ti bẹ̀rẹ̀. A wà lójú òkun. Ọ̀rẹ́ mi ṣubú sẹ́yìn sínú omi, ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ sì já bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Mo wo ìdí okùn ọ̀rá náà. Ìwọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Okùn tó bá já, ẹnu rẹ̀ máa ń mú ṣánṣán ni. Èyí tí mo rí ká kò bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Kò já. Kókó rẹ̀ ló tú. Èmi ni mo ta kókó yẹn, mo sì mọ̀ pé yóò tú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti gbé e sínú. N kò sọ fún ìyàwó mi, n kò sọ fún àáfà wa. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé báyìí ni pé àwáwí tí mò ń ṣe tán ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

N kò ní dárúkọ ara mi. Fíríìjì ni mò ń tún ṣe ní Muṣin, mo sì ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká pè é ní Múfú, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Agboolé kan náà la ti dàgbà. Ó ń ta aṣọ ní Tejúoṣó, ó sì ń gbé ní Àgùdà. Àwa méjèèjì àti ọkùnrin mẹ́ta mìíràn máa ń lọ fi ìwọ̀ pẹja ní ọjọ́ Sátidé. A kì í tà á. Fàájì wa ni.

A ní ìwé kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fa irú ẹja kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fà rí wọnú ọkọ̀, orúkọ rẹ̀ la máa kọ sí iwájú ẹja náà. Ẹni kejì tó bá fà á, kódà kí tirẹ̀ tóbi bí àgbò, kò sí orúkọ fún un. Ẹ̀gbọ́n Tájù, tó dàgbà jù nínú wa, ló ń tọ́jú ìwé yẹn. Tí ẹ bá ṣí i, Múfú, Múfú, Múfú ni. Tèmi wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta péré, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni epìyà, ẹja tí ọmọdé lè fi abẹ́rẹ́ mú. Ibẹ̀ ni Múfú ti fún mi lórúkọ: Alága Epìyà.

Tí mo bá ti ń bọ̀, yóò fò dìde. "Ẹ dìde fún Alága! Ẹ rọra o, ẹ má tẹ àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀!" Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìyàwó mi gbọ́ ọ, ó ní, "Olówó orí mi, ṣé ẹja tí Múfú ń rí kì í gba ọ̀dọ̀ tiyín kọjá ni?" N kò lè jẹ oúnjẹ ọjọ́ náà tán.

Mo jowú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo jowú ọwọ́ rẹ̀. Mo jowú ẹ̀rín rẹ̀. Mo jowú bí àwọn èèyàn ṣe ń sún fún un kó jókòó láàárín.

Ẹ̀gbọ́n Tájù ló mú ọ̀rọ̀ erékùṣù wá. Ó ní àwọn erékùṣù kan wà ní apá gúúsù òkun wa yìí, tí wọ́n ti ń sọ èdè Potogí, tí bàálù kì í pẹ́ dé, pé ẹja tó wà níbẹ̀, ojú wa kò rí i rí. Àwa mẹ́ta la rí àyè lọ: Ẹ̀gbọ́n Tájù, Múfú àti èmi. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé omi yẹn kò mọ Múfú. Mo ní níbẹ̀, kò sí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá.

Àṣà kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé, kí ẹ lè mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ mi ṣe tó. Nínú ẹgbẹ́ wa, èèyàn kì í so ìwọ̀ ara rẹ̀. Ẹnì kejì rẹ̀ ló ń so ó fún un. Bàbá Ìlàjẹ kan tó kọ́ wa létí ọ̀sà ló fi lé wa lọ́wọ́. Ó ní àwọn tó jọ wọ ọkọ̀ kan gbọ́dọ̀ lè fọkàn tán ara wọn. Tí o bá so ó tán, wàá ní, "Ó yi." Ẹni tó ni ín á dáhùn pé, "Kó máa yi." Kò gbọdọ̀ fà á wò. Tó bá fà á wò, ó ti pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀ nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń so ti Múfú, tí òun náà ń so tèmi.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, Múfú fa irú ẹja tuntun méjì. Ọ̀kan nínú wọn ní ìlà lára bí aṣọ òfì. Èmi kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, nǹkan tó wúwo gbé ìwọ̀ mi. Mo fà, mo fà, mo wá rí i nínú omi: ẹja pupa, olójú ńlá, tí ìpẹ́ rẹ̀ ń tàn bíi góòlù. Àyà mi ń lù. Mo ti ń rí orúkọ mi nínú ìwé. Kí n tó gbé e wọnú ọkọ̀, mo gbọ́ pàà lẹ́yìn mi. Múfú ni. Irú ẹja kan náà ni, tirẹ̀ sì tó méjì tèmi.

"Ẹ̀gbọ́n Tájù, ẹ kọ ọ́ o!" Ó wá yọjú wo tèmi. "Háà, Alága! Gbé tìẹ padà sómi jàre. Ọmọ tèmi yìí ni, ìyá rẹ̀ ló ń wá."

Ẹ̀gbọ́n Tájù rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Awakọ̀ wa, ọmọ erékùṣù náà tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tí kò gbọ́ èdè yẹn ló dùn mí jù.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, tó jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, mo jókòó létí òkun, mo so ìwọ̀ Múfú. Ó yẹ kí okùn yí ara rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹfà, kéèyàn fi itọ́ rin ín, kó sì fà á títí yóò fi le. Mo yí i lẹ́ẹ̀mejì. N kò fi itọ́ kàn án. Mo kàn fà á díẹ̀ kó lè jọ kókó lójú.

Mo ní, "Ó yi."

Múfú ní, "Kó máa yi, ọ̀rẹ́ mi." Kò fà á wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, kì í ṣe ikú rẹ̀ ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kí ẹja ńlá kan bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú wa ni. Mo fẹ́ rí bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí.

Oòrùn wà ní àtàrí nígbà tí ẹja ńlá kan gbé ìwọ̀ Múfú. Ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Múfú fi ẹsẹ̀ ti etí ọkọ̀, ó fi gbogbo ara fà sẹ́yìn. Lójijì, okùn dẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn gba etí ọkọ̀ ti òdìkejì kọjá, ó wọ omi. Ìgbà yẹn ni mo rí ẹnu okùn náà. Mo na ọwọ́ láti di Múfú mú, ìgbì gbé ọkọ̀, èmi náà ṣubú sínú omi.

N kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Nítorí ooru, mo ti bọ́ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, Múfú náà ti bọ́ tirẹ̀. Ìgbì ń gbé wa jìnnà sí ọkọ̀. Mo rì, mo yọ orí, mo tún rì. Ọwọ́ kan dì mí mú lẹ́yìn ọrùn. Múfú ni. Mo gùn ún bí ẹni ń gun igi. Mo ń tẹ orí rẹ̀ sínú omi kí tèmi lè wà lókè. Kò fi mí sílẹ̀. Ìgbàkígbà tí orí rẹ̀ bá yọ, á ní, "Má jà, Alága, má jà. Mo dì ọ́ mú." Nígbà tí awakọ̀ yí ọkọ̀ padà tó sì fà wá jáde, èmi ń sunkún. Òun kò lè mí dáadáa.

Omi iyọ̀ ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. A padà sí Èkó, ikọ́ náà kò lọ. Ó rù. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Tejúoṣó pa fún oṣù púpọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo máa ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ kí i ní Àgùdà.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo rí ọ̀pá ìpẹja náà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀. Ẹnu okùn náà ṣì ká kò. Tí Múfú bá fi ojú kàn án dáadáa lẹ́ẹ̀kan, yóò mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ lọ bu omi wá fún mi, òun wà ní yàrá tó ń húkọ́. Mo mú sísọ́ọ̀sì orí tábìlì, mo gé ẹnu okùn náà, mo fi èyí tí mo gé sápò. Ẹ ò rí i pé mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Múfú gbà pé òun ló jẹ̀bi. Ó ní òun fi ojúkòkòrò fà á jù, okùn wá já, òun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀rẹ́ òun. Kò pè mí ní Alága mọ́. Orúkọ mi ló ń pè, jẹ́jẹ́. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n Tájù pa orúkọ òun rẹ́ níwájú ẹja pupa yẹn, kó kọ tèmi síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Tájù kọ ọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, nígbà tí mo rí orúkọ mi nínú ìwé yẹn, inú mi dùn. N kò ní parọ́ fún yín. Ó kọ́kọ́ dùn, kí ìtìjú tó dé.

Mò ń sọ fún ara mi pé bí mo bá jẹ́wọ́ fún un nígbà tó ń ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ náà lè pa á. Àwáwí mi nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀lé òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ gba èsì àyẹ̀wò. Dókítà gbé fọ́tò àyà rẹ̀ sójú iná. Ó ní, "Ó ti mọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ẹ máa lọ sílé, kí n má tún rí yín níbí o." Ìyàwó rẹ̀ kígbe Alihamudulilahi. Nígbà tí a jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Múfú dọ̀bálẹ̀ fún mi, fún èmi ẹgbẹ́ rẹ̀, lójú àwọn nọ́ọ̀sì.

Ó ní, "N ò fẹ́ bẹ̀ ọ́ nígbà tí n ò mọ̀ bóyá mò ń kú lọ. Àìsàn náà kò ní jẹ́ kó o lè kọ̀ fún mi. Ní báyìí tára mi ti yá, jọ̀ọ́, dárí jì mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ àwọn ọmọ rẹ di aláìníbaba."

Ìyàwó rẹ̀ ń wò mí. Gbogbo àwọn tó ń retí dókítà ń wò mí.

Mo ní, "Dìde, Múfú. Mo ti dárí jì ọ́."

Ó dìde, ó dì mọ́ mi, ó ń dúpẹ́ títí a fi dé ìta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ sọ fún un, kó lé mi, kí ìyàwó rẹ̀ sì pe ọlọ́pàá? Ṣé kí n dákẹ́, kó máa ru ẹ̀bi tèmi lọ títí di sàréè? Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ má tan ara yín, ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo ti dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀ mí, ó sì ti dúpẹ́. Ọpẹ́ yẹn ni mo fẹ́ dá padà fún un. Ẹ bá mi wá bí mo ṣe máa sọ ọ́.