Ọwọ́ Tó Wà Lára Pátákó

Mo ń dúró de ọkọ̀ Òṣíẹ̀lẹ̀ ní Ìtòkú nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ láàárín ìyá aláró kan àti ayàwòrán tó bẹ̀ lọ́wẹ̀ kó tún pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe.

“Ìyá, ẹ wo ara yín lára pátákó!”

“Ojú ni tèmi. Gèlè ni tèmi. Ọwọ́ ta wá nìyí?”

“Tiyín ni, mà. Mo jẹ́ kó mọ́ ni.”

“Kó mọ́! Àwọn oníbàárà ń kọjá mi lọ, wọ́n rò pé ńṣe ni mò ń ra àdìrẹ tà. Ìwọ náà tún wá fún mi lọ́wọ́ ìyàwó tísà!”

Ayàwòrán bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú, mà. Ṣé kí n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé àdìrẹ yín ló dára jù?”

“Ta ni kò kọ ìyẹn? Fi ọ̀dà kun ọwọ́ mi bí aró ṣe kùn ún, kó o wá kọ ọ́ pé: Ẹ wo ọwọ́ mi.”

“Ẹ wo ọwọ́ mi!” Ó na méjèèjì sókè, wọ́n dúdú kọjá ọrùn ọwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

Ọkọ̀ Òṣíẹ̀lẹ̀ dé, ó kún, ó lọ. Èmi ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù, mò ń yan aṣọ.