Mo Yọ Nọ́ńbà Agboyi Kúrò Nínú Igbá

Kúnbi, ìyàwó mi, ti ilẹ̀kùn yẹn, kí o wá jókòó. Ìyá Ṣàràfá, ẹ̀yin náà ẹ gbé abọ́ ẹja sílẹ̀ ná. Ẹ̀jẹ̀ tí mo ń bì yìí ò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi bá mi wọ ilẹ̀. Omi kọ́ ló pa Ṣàràfá. Èmi Bánjọ ni mo pa á.

Ẹ rántí ọdún kejì tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún. Ìjọba gbà mí láti wádìí ibi tí omi burúkú ti ń dá àìsàn sílẹ̀ jù láàárín Kétu, Ìkòsì àti Agboyi, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò fa omi ẹ̀rọ sí. A ò lè bi gbogbo ilé léèrè. A ní láti kọ nọ́ńbà sára ilé kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ọ́ sínú ìdérí ìgò mínírà, kí a da gbogbo rẹ̀ sínú igbá, kí a dijú mú díẹ̀ níbẹ̀. Ilé tó bá bọ́ sí wa lọ́wọ́ la óò lọ, ì báà wà lẹ́yìn odò. Kò yẹ kó jẹ́ inú oníwádìí ni yóò máa yan ilé.

Ọmọ yín Ṣàràfá ló ń tukọ̀ fún mi, tó ń bá mi kọ̀wé. Lọ́jọ́ tí mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà ní Agboyi, kò sí nítòsí. Àwọn géńdé rí mi lára ògiri. Láyé ìgbà yẹn, ilé tí àlejò bá sàmì sí, ilé tí wọ́n fẹ́ wó ni.

"Ta ló rán ẹ pé kó o wá wó ilé wa?"

Ẹnì kan fi igi ìdáná gbá mi lẹ́nu, eyín mi bọ́. Wọ́n tẹ ojú mi mọ́ ògiri. "Fi ahọ́n nù ún!" Mo lá ṣọ́ọ̀kì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ara mi, àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín. Ṣàràfá ló sáré dé, ló fi ẹ̀wù rẹ̀ nù mí lẹ́nu. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Wọ́n rò pé katakata tí í wó ilé ló ń bọ̀ lẹ́yìn yín ni."

Mo ní mi ò bínú. Irọ́ ni! Kí a tó mú nínú igbá, mo ṣa gbogbo ìdérí Agboyi sí àpò ṣòkòtò mi. Kétu àti Ìkòsì nìkan ló jáde. Mo wá ní kí Ṣàràfá tu mí kọjá, nítorí àárín odò ni mo fẹ́ dà wọ́n sí.

"Ọ̀gá, kí ló ń dún lápò yín?"

"Kọ́kọ́rọ́ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ilé Agboyi tó kún etí odò tó báyìí, kò sí ẹyọ kan tó jáde? Àbí nọ́ńbà yín ò mọ omi wẹ̀ ni?"

Bí mo ṣe sún, ìdérí kan já bọ́ sínú ọkọ̀. Ó mú un, ó wò ó, ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. "Nọ́ńbà ilé ìyá mi rèé. Ọ̀gá, omi yìí làwọn àbúrò mi ń mu. Ẹ jẹ́ ká padà lọ tún un mú. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ìyá, ó ṣílẹ̀kùn àbáyọ fún mi. Èmi ni mi ò bá a jáde; ẹ̀rù àṣírí ló bò mí lójú. Bó ṣe kọ ẹ̀yìn sí mi láti yí ọkọ̀ padà, mo fi àjẹ̀ kejì là á ní ìpàkọ́. Ó ṣubú sódò, ó di etí ọkọ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. "Ọ̀gá, èmi ni!" Ó rò pé mo ṣì í mú fún ẹlòmíràn ni. Mo fọ́ ìka rẹ̀ mọ́ igi. "Ọ̀gá, èmi ni!" Mo ń lù ú títí ọwọ́ yẹn fi tú.

Mo dojú ọkọ̀ dé, mo ń sunkún lúwẹ̀ẹ́ wá sí èbúté, mo ní omi ló gbé e, pé mo wá a tì. Ẹ̀yin lẹ tú gèlè yín bò mí, tí ẹ dúpẹ́ pé mo wá ọmọ yín nínú omi. Ẹ ní omi ò lè gbé ọmọ tí ẹ bí sétí odò. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ fáyé pé ìbànújẹ́ ló dà yín lórí rú. Ìkòsì ni omi ẹ̀rọ lọ. Nígbà òjò, ìgbẹ́ gbuuru kó àwọn ọmọdé Agboyi lọ, mi ò sì jẹ́ béèrè ọmọ ta ni. Gbogbo Iléyá lẹ ń gbé ẹja wá fún mi.

Kúnbi, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, sọ fún un pé ilé tó bínú sí gan-an ni kó kọ́kọ́ kà sínú igbá.

Ìyá Ṣàràfá, ẹ gbé ẹja yín. Bí àánú bá ṣì kù lọ́kàn yín, ẹ dárí jì mí. Ẹ má wo ilẹ̀. Ẹ wojú mi. Èmi ni.