Pèrègún Etí Àkùrọ̀

Ìyá Harriet ló ní kí wọ́n gbé òun jókòó, kí wọ́n sì pe gbogbo ẹgbẹ́ wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè rìn mọ́. Ó ní òótọ́ kan wà níkùn òun tí òun ò fẹ́ gbé wọ sàréè. Bó ṣe wo Bùsírátù, opó tó ti Wásinmi wá kí i, bẹ́ẹ̀ ló bú sẹ́kún.

Ilẹ̀ etídò tó wà lẹ́yìn Láfẹ́nwá, ilẹ̀ ìlú ni. Ìlú fi í síkàáwọ́ ẹgbẹ́ wọn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ń ṣọ́ ọ kí iná má jó o, ẹni tí ò nílẹ̀ ni wọ́n sì ń fún ní àkùrọ̀ ibẹ̀ láti gbin ẹ̀fọ́. Pèrègún ńlá kan ni ààlà. Ìyá Harriet, olórí ẹgbẹ́, ló loko lápá kan. Bùsírátù ló ń dáko àkùrọ̀ lápá kejì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1947, ẹ̀fọ́ Ìyá Harriet gbẹ, ti Bùsírátù ń tutù yọ̀yọ̀.

“Ojú kòkòrò ni,” Ìyá Harriet wí. “Ebi ò kúkú pa mí.”

Ó ní òun gé pèrègún náà nílẹ̀, òun lọ gbìn ín sétí odò bí ẹni pé ibẹ̀ ni ààlà wà, àkùrọ̀ bá di tòun. Nígbà tí ẹgbẹ́ pèpàdé, Bùsírátù kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà sọ ibi tí pèrègún wà tẹ́lẹ̀, ṣebí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán nídìí rẹ̀. Ìyá Harriet ní òun ò mọ̀. Kí lèèyàn fẹ́ wí sírú èyí? Wọ́n lé opó kúrò lórí ilẹ̀, ó di ẹni tó ń bá olóko ṣiṣẹ́ ní Wásinmi.

“Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Gbòǹgbò pèrègún tí mo gé ò kú. Tójò bá ti rọ̀, á tún hù, màá sì yọ́ lọ já a bí ẹni ń já ewébẹ̀. Ọbẹ̀ tí Bùsírátù gbé wá fún mi láàárọ̀ yìí, mi ò lè jẹ ẹ́. Bùsírátù, jọ̀ọ́, dárí jì mí.”

Bùsírátù sunkún títí. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ibùsùn, ó ní kí wọ́n gbé ìyá náà lé òun lẹ́yìn. Ó pọ̀n ọ́n bí ọmọ, àwọn ẹgbẹ́ tẹ̀lé wọn dé àkùrọ̀.

Pèrègún ti rú lójú ibi tí wọ́n ti gé e. Wọ́n sọ Ìyá Harriet kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, bó ṣe mọ́ ọn lára. Bùsírátù rọra di ọwọ́ náà mú.

“Ẹ jẹ́ kó hù, Ìyá Harriet. Ẹ jẹ́ kó hù, ká tún lè jẹun ọ̀sán nídìí ẹ̀.”