Ọjọ́ Ìsinmi Tí Mo Kọ Sórúkọ Aago

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, òtítọ́ tí mo gbé mì láti ọdún mẹ́rin ti há mi lọ́fun. Mo gbọ́dọ̀ bì í síta kí dókítà tó la àyà mi lọ́la.

Èmi ni akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé ìsinmi ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan a máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìsinmi láìkọ déètì sí i, kí iṣẹ́ lè yá. Ọ̀dọ̀ mi ni fọ́ọ̀mù ń wà. Mo mọ̀ pé ewu ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó rọ̀ mí lọ́rùn. Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ tí ń gé ọṣẹ là ń pè ní Aago, nítorí kì í pa iṣẹ́ jẹ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni kò fi lọ ìsinmi, bó bá béèrè, máníjà a ní, “Ta ni yóò dúró ti ẹ̀rọ?” Nígbà tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló ṣẹ́kù fún un, àdéhùn iṣẹ́ wa sì sọ pé kí a san owó rẹ̀ fún ẹni tó ń lọ.

Máníjà ti ilẹ̀kùn. “Akọ̀wé, ṣebí fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ? Kọ déètì sí i. Ẹni tó ní òun ń lọ, kó máa lọ fúyẹ́fúyẹ́, kẹ́rù má wọ̀ ọ́ lọ́rùn.” Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, èmi ojo. Mo kọ ọ́.

Nígbà tí Aago wá gba owó rẹ̀, ó wo fọ́ọ̀mù náà títí. “Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi rèé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibo ni mo lọ? Ìyàwó mi gan-an á fẹ́ mọ ibi tí mo ti lo oṣù méjì.”

“Ìwé kì í parọ́, àbúrò,” ni mo dá a lóhùn. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi kọ irọ́ sínú ìwé.

Èyí tó burú jù rèé. N kò yẹ kàlẹ́ńdà wò dáadáa. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rọ gé ìka méjì lọ́wọ́ Aago wà lára ọjọ́ tí mo kọ. Áńkáṣífù mi ni mo fi di ọwọ́ náà. Ẹjọ́ owó gbà-má-bínú rẹ̀ ṣì wà níwájú ìgbìmọ̀ òṣìṣẹ́, ni máníjà bá gbé fọ́ọ̀mù tí mo kọ déètì sí náà lọ síbẹ̀. Ó ní, “Ìsinmi ló wà lọ́jọ́ náà. Ilé rẹ̀ ló ti fara pa.” Alága kọjú sí mi: “Akọ̀wé, ṣé òótọ́ ni?” Ojú mi ni Aago ń wò, ó dá a lójú pé n kò ní parọ́.

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Aago pàdánù owó méjèèjì.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, mo máa ń rò pé Aago ni. Kò wá rí. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀. Wọ́n ní lẹ́tà nìkan kò tó. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pe Aago. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí kò ní déètì, bó ti wù kí ẹ̀rín akọ̀wé dùn tó. Aago, àbúrò mi, dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, ṣáà bá mi gbàdúrà kí n jí lórí tábìlì dókítà, nítorí n kò rí ẹlẹ́rìí mìíràn tí o ní.