Ẹ̀jẹ̀ Ìwọ́ Tí Ara Àdùfẹ́ Fẹ́ Kọ̀

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga, ẹ̀yin ará! Ọ̀rọ̀ mi ò gùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Ẹ mọ Àdùfẹ́, ọmọ ọmọ mi, tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá fínra. Bí ọyẹ́ bá ti bo Ṣakí báyìí, egungun á máa ro ó, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ lára rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bí àbúrò rẹ̀, dókítà gba ẹ̀jẹ̀ inú okùn ìwọ́ ọmọ tuntun náà pamọ́. Ó ní bó bá bára mu, òun á fà á sí Àdùfẹ́ lára, kí ara rẹ̀ lè máa ṣe ẹ̀jẹ̀ tó dáa. Ó bára mu. A jó, a yọ̀.

Kò pẹ́, dókítà pè wá padà.

"Màmá Tíṣà, ta ló máa ń fún ọmọ yìí lẹ́jẹ̀?"

Mo ní, "Àwa ẹbí ni. Ta la tún fẹ́ bẹ̀?"

Ó mi orí. "Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ara rẹ̀ ti dá ẹ̀jẹ̀ yín mọ̀, ó sì ti kọ́ bí yóò ṣe bá a jà. Bí mo bá fa ti àbúrò rẹ̀ sí i báyìí, ó lè lé e jáde. Ẹ má fún un mọ́."

Àbúrò mi tó máa ń ti Kíṣì wá fún un lẹ́jẹ̀ fa ojú ro. "Ṣé ẹ̀jẹ̀ màlúù ni mo fún un ni?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ yín dáa. Ìfẹ́ yín ló pọ̀ jù."

Inú bí mi, n ò ní parọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Àìsàn á dé, bàbá ọmọ á ká apá aṣọ sókè, nọ́ọ̀sì á ní, "Ẹ sọ apá aṣọ yín kalẹ̀, sà." Ẹ̀jẹ̀ àlejò là ń dúró dè, tiwa sì ń ṣàn lára wa lásán. Àwọn kan ní ayé ló ń bá wa jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ayé lẹ́bi. Ara ọmọ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n fún un ní oògùn tó dẹ ọwọ́ ìjà ara náà, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ sí i. Irun orí rẹ̀ re tán. Wọn ò jẹ́ ká wọlé tọ̀ ọ́, kí àrùn má bàa ràn án; ojú fèrèsé la ti ń wò ó. Ọjọ́ tí dókítà jáde wá, tó ní, "Ara rẹ̀ ti gbà á," ńṣe ni ọmọ mi ọkùnrin, bàbá Àdùfẹ́, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Olúwa, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò tó fún wa lẹ́jẹ̀ tí a ò mọ orúkọ wọn. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ní irú àìsàn yìí, ẹ bi dókítà kí ẹ tó na apá. Ọmọ ẹlòmíì lè nílò tiyín. Ẹ má jẹ́ kó sú yín.

Lánàá, òjò ká Àdùfẹ́ mọ́ ìta. Mo ti dìde láti pè é wọlé, kí òtútù má bàa mú un. Mo tún jókòó, mo ní kó máa ṣeré.